Ajá Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́rin, Ajá Ẹlẹ́sẹ̀ Méjì

Lọ́dún 2022, ọkùnrin ará Jàpáànì kan tó ń pe ara rẹ̀ ní Toco lórí YouTube di ẹni tí gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Owó yen 2,000,000 ló san fún Zeppet, ilé iṣẹ́ kan tó máa ń ṣe ère àti aṣọ ìṣeré fún fíìmù àti tẹlifíṣọ̀n, pé kí wọ́n bá òun ṣe aṣọ tí òun á kó sí, tí òun á fi di ajá. Kì í ṣe ajá inú àwòrán ẹ̀fẹ̀ o. Collie ló ní òun ń fẹ́, ajá onírun gígùn, onímú ṣóńṣó, tí àwọn darandaran ilẹ̀ Scotland fi ń da àgùntàn. Ọjọ́ 40 ni iṣẹ́ náà gbà. Nínú fídíò tó fi han aráyé, ó dùbúlẹ̀, ó yí gbirigbiri, ó na ọwọ́ kan síwájú bí ajá tí olówó rẹ̀ ní kó mú ọwọ́ wá. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wò ó, àfi kó tún un wò.

Ajá kejì wà ní Pittsburgh, nípìnlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà. Òun kì í ṣe ẹyọ kan, agbo ni. Láti 2006 ni àpéjọ tí wọ́n ń pè ní Anthrocon ti fi ìlú náà ṣe ibùdó; lọ́dún 2024, èrò tó wá lé ní 17,000. Furry ni wọ́n ń pe ara wọn: àwọn tó fẹ́ràn ẹranko tó ń sọ̀rọ̀, tó ń rìn bí ènìyàn, tí kálukú wọn sì ń dá ẹranko tirẹ̀ sílẹ̀, tí yóò fún un lórúkọ, àwọ̀ àti ìwà. Ìkookò, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ àti ajá wà lára èyí tí wọ́n ń yàn jù. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń wọ aṣọ ẹranko, torí owó ńlá ni. Àmọ́ lọ́jọ́ ìyíde, àwọn tó wọ̀ ọ́ á tò lọ rẹrẹ, ará ìlú á dúró wò wọ́n. Ajá aláwọ̀ búlúù á kọjá, èyí tó pupa bí epo á tẹ̀ lé e, òmíràn á de táì mọ́rùn, òmíràn á wọ ṣòkòtò péńpé. Ẹsẹ̀ méjì ni gbogbo wọn fi ń rìn.

Méjèèjì la lè pè ní aṣọ ajá. Irun àtọwọ́dá ni wọ́n fi bo méjèèjì, ọmọ ènìyàn ló sì ń làágùn nínú wọn. Ohun tí wọ́n ń lépa ló yàtọ̀. Collie Toco fẹ́ tan ojú wa débi tí a ò ní rántí pé ẹnì kan wà nínú ẹ̀. Ìyẹn ò bá ajá Pittsburgh wí. Ó mọ̀ pé a mọ̀. Ká bá òun ṣeré ni tiẹ̀. Mi ò sì ní fi èrò mi pamọ́ dìgbà tí ọ̀rọ̀ bá tán: lójú tèmi, ajá ẹlẹ́sẹ̀ méjì yìí, tí kò jọ ajá kankan tó tíì gbó láyé, ló ń ṣe bí ajá ju ekejì lọ.

Eegun ló kọ́kọ́ ń tú àṣírí collie náà. Ẹsẹ̀ ọmọ ènìyàn gùn ju ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fi àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ rìn nílẹ̀, ìdí rẹ̀ ni yóò ga jù, orí á wà nísàlẹ̀. Tó bá fi orúnkún gúnlẹ̀ kí ẹ̀yìn rẹ̀ lè tẹ́ pẹrẹsẹ, ìrákòrò ọmọ ọwọ́ ló dà yẹn. Ajá kì í tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ ní tiẹ̀, orí ìka ló ń rìn. Ibi tí a rò pé orúnkún rẹ̀ ti ṣẹ́ sẹ́yìn yẹn, gìgísẹ̀ ni; orúnkún gan-an wà lókè, nítòsí ikùn, irun ló bò ó. Iwájú ńkọ́? Eegun tó so èjìká tiwa mọ́ àyà, ajá ò ní èyí tó tó ohun tí à ń pè ní eegun. Iṣan àti ẹran ara ló gbé èjìká rẹ̀ ró, òun ló fi lè ju ẹsẹ̀ iwájú síwájú fíà nígbà tó bá ń sáré. Kò sí bí aránṣọ ṣe lè mọ iṣẹ́ tó, kò lè rán eegun míì sí oníbàárà rẹ̀ lára.

Toco alára mọ èyí. Yàtọ̀ sí pé ó fẹ́ràn collie, ó ṣàlàyé fún àwọn oníròyìn pé irun gígùn rẹ̀ á bá òun bo ìrísí ènìyàn mọ́lẹ̀. Àwọn Zeppet náà kó fọ́tò collie jọ láti oríṣiríṣi ìhà, wọ́n ń wá bí irun náà á ṣe máa dà sílẹ̀ bíi ti ajá gidi. Ọgbọ́n ńlá nìyẹn. Ká ní ajá tí irun rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ara bíi Doberman ló yàn, àṣírí ì bá ti tú kó tó dé ẹnu ọ̀nà. Bó ṣe wà yìí, tó bá jókòó, ajá ni. Tó bá dùbúlẹ̀, ajá ni. Ìgbà tó bá dìde pé kóun máa lọ ni ìbàdí á bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́. Lóṣù Keje ọdún 2023, fídíò mìíràn tún gbòde, níbi tí wọ́n ti fi okùn fà á rìn níta, tó sì pàdé àwọn ajá gidi. Ẹ̀rín pa mí nígbà tí mo rí i, torí pé imú ni ajá fi ń mọ ajá. Gbogbo iṣẹ́ ọjọ́ 40 yẹn, ojú tiwa nìkan ni wọ́n ṣe é fún.

Ajá ẹlẹ́sẹ̀ méjì ò bá eegun jà rárá. Ènìyàn tó wà nínú ẹ̀ dúró ṣánṣán, ẹsẹ̀ rẹ̀ nà gbọnrangandan. Àwọn tó ń ṣe é á wá fi fóòmù yàwòrán ẹsẹ̀ ajá sí i lára: wọ́n á kì í níwájú itan títí tó fi yọ, wọ́n á tún kì í sẹ́yìn lápá ìsàlẹ̀, lókè gìgísẹ̀, kó lè dà bíi pé ẹsẹ̀ náà ṣẹ́ sẹ́yìn. Lóòótọ́, kò sóhun tó ṣẹ́. Ẹni tí kò bá fẹ́ wàhálà fóòmù á jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà bó ṣe wà, á kàn wọ àtẹ́lẹsẹ̀ ajá ńlá sí i, bàtà gidi ló wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Irọ́ ni, gbogbo ayé ló mọ̀ pé irọ́ ni, kò sì sẹ́ni tó bínú.

Ojú lọ̀rọ̀ wà, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ dúró sí díẹ̀. Ojú ajá gidi kéré, ó sì yà sí ẹ̀gbẹ́ ju tiwa lọ. Ẹni tó bá ṣe orí ajá tó jọ ajá délẹ̀délẹ̀ ti há ara rẹ̀: ibi tí ojú ajá náà wà kọ́ ni ojú ẹni tó wọ̀ ọ́ wà, ihò kékeré níbì kan ni yóò máa yọjú. Orí ajá ẹ̀fẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Ojú ẹ̀ lè fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà. Aṣọ oníhò wínníwínní ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n á kun ẹyinjú sí i lára. Ẹni tó dúró níta á rí ẹyinjú búlúù tó ń dán, ẹni tó wà nínú á máa wòta bí ẹni tó wà lẹ́yìn nẹ́ẹ̀tì fèrèsé lọ́sàn-án. Ìmọ́lẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ yẹn: ibi tó mọ́lẹ̀ kì í rí inú òkùnkùn, òkùnkùn ló ń rí i.

Wọ́n tún ní àrà kan tí mo fẹ́ràn. Wọn kì í jẹ́ kí ẹyinjú àti funfun ojú wà lórí ìlà kan. Funfun á wà níwájú, wọ́n á gbẹ́ ihò sí i, ẹyinjú á wà lẹ́yìn, ó jìn wọlé díẹ̀. Tí o bá dúró lápá òsì ajá náà, etí funfun apá òsì á bo díẹ̀ nínú ẹyinjú, ohun tó kù tó o rí á dà bíi pé ó kọjú sí ọ. Bọ́ sí apá ọ̀tún, ó tún kọjú sí ọ. Ajá náà ò yí ojú, ìwọ lo yí àyè. Àwọn míì tún ń fi mágínẹ́ẹ̀tì lẹ ìpéǹpéjú mọ́ ọn: oorun ń kùn ún, wọ́n á fi èyí tó wálẹ̀ sí i, inú ń bí i, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á fi èyí tó dàgẹ̀rẹ̀ sí i. Orí collie tó jọ collie ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Kò lè rẹ́rìn-ín sí ẹni tó wà lódìkejì títì.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe orí náà tún dùn ún wò. Fóòmù bẹ́ẹ̀dì lásán ni wọ́n á fi gọ́ọ̀mù gbígbóná lẹ̀ mọ́ra wọn, títí yóò fi rí bí ìkòkò tí orí ènìyàn lè wọ̀. Wọ́n á wá mú sísọ́ọ̀sì, wọ́n á máa gé e díẹ̀díẹ̀: ẹ̀rẹ̀kẹ́, ìyọjú imú, ibi tí iwájú orí ti wálẹ̀ pàdé imú. Ibi ìpàdé yẹn ló ń sọ irú ajá tó jẹ́. Tó bá jìn, ọmọ ajá ni; tó bá tẹ́, ìkookò ti ń dé. Wọ́n á fi ọ̀rá àti téèpù wé gbogbo orí náà, wọ́n á fi bírò fa ìlà sí i: ibí yìí funfun, ibí yìí dúdú. Wọ́n á tún fi ọfà kéékèèké hàn bí irun ṣe gbọ́dọ̀ da ara, torí pé irun imú ajá ń lọ sẹ́yìn, kì í bọ̀ síwájú, ẹni tó bá gbàgbé ìyẹn, ajá rẹ̀ á dà bí èyí tí atẹ́gùn ń bá jà. Téèpù náà ni wọ́n á gé kúrò tí yóò di bátànì.

Wọn kì í fi sísọ́ọ̀sì gé aṣọ onírun láti ojú. Ẹ̀yìn aṣọ ni wọ́n á dà síta, abẹ ni wọ́n á fi fa ìlà, ìpìlẹ̀ aṣọ nìkan ni wọ́n ń gé, irun fúnra rẹ̀ ò gbọ́dọ̀ ṣẹ́. Nígbà tí wọ́n bá rán an tán tí wọ́n sì fà á bo orí, ó ku ìgbàjámọ̀. Irun orí imú gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀ gan-an, ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ á kù bó ṣe wà, àárín méjèèjì á máa yọ́ wọ ara wọn. Ọwọ́ kan tó bá ṣì lọ, ojú pípá ti dé, irun àtọwọ́dá kì í sì í hù padà. Kílípà wo ni wọ́n ń lò? Èyí tí wọ́n fi ń gẹ ajá gidi náà ni. Búrọ́ṣì tí wọ́n fi ń ya á lẹ́yìn ìyẹn náà, búrọ́ṣì ajá ni. Ajá gidi àti ajá irọ́, onígbàjámọ̀ kan náà ló ń fá wọn.

(Àwọn kan ti ń fi ẹ̀rọ tẹ egungun orí náà jáde báyìí dípò fóòmù. Ó fúyẹ́, afẹ́fẹ́ ń wọ̀ ọ́, ó sì rọrùn láti fọ̀. Àmọ́ fóòmù ló ń gba èèyàn mọ́ra tí orí bá kan ògiri, orí á sì kan ògiri dandan.)

Ooru wá ńkọ́? Ibí yìí ni ajá ti yàtọ̀ sí ènìyàn. Ajá kì í làágùn gbogbo ara. Tí ooru bá mú un, á la ẹnu, á yọ ahọ́n, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Ènìyàn ní tiẹ̀, òógùn ló ń tù ú lára, òógùn náà sì gbọ́dọ̀ rí afẹ́fẹ́ gbẹ. Ẹ wá kó ènìyàn sínú aṣọ onírun láti orí dé ẹsẹ̀, afẹ́fẹ́ wo ló kù? Ohun tí àwọn tó ń ṣe ajá ẹ̀fẹ̀ wá ṣe ni pé wọ́n la ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu. A rò pé ẹ̀rín ló ń rín. Ihò èémí ni. Àwọn míì á tún fi fáànù kékeré, irú èyí tó ń fẹ́ inú kọ̀ǹpútà, sínú imú rẹ̀ lọ́hùn-ún, páwà báǹkì á máa gbé e. Bẹ́ẹ̀ náà, ẹni tó gbọ́n kì í dá jáde. Ẹnì kan á máa tẹ̀ lé e tí yóò máa bá a wo ilẹ̀, torí kò rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, tí yóò sì mú omi dání. Níbi àpéjọ, wọ́n ń ya yàrá kan sọ́tọ̀ tí fáànù àti omi wà, níbi tí kálukú ti lè ṣí orí kó simi.

Gbogbo ooru yẹn wà fún ajá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin náà, ó tún wá ní ìyà tiẹ̀ lórí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, kó fi ọwọ́ àti orúnkún rìn yí yàrá rẹ̀ po, kó má sì wo ilẹ̀, kó gbé orí sókè kó máa wo iwájú. Ọrùn ọwọ́ ló máa kọ́kọ́ ké, ẹ̀yìn ọrùn á gbà á lẹ́nu rẹ̀. Mo gbà fún Toco ní ti ìfaradà.

Yorùbá tó bá rí agbo Pittsburgh á ní eégún nìyí. Rárá. Ará ọ̀run leégún, àwọn wọ̀nyí ò bá ọ̀run dá nǹkan kan pọ̀. Tí a bá fẹ́ wá ìbátan wọn nílé, ká wá a lọ sọ́dọ̀ eégún aláré, àwọn onídán tó ń di òjòlá, tó ń di ọ̀nì lójú agbo. Kò sẹ́ni tó rí òjòlá onídán tó sáré lọ mú àdá. Wọ́n mọ̀ pé aṣọ ni, wọ́n ń wò ó bó ṣe ń yí, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń náwó. Ìṣe yẹn náà ni ajá ẹlẹ́sẹ̀ méjì ń ṣe. Ó tiẹ̀ ní èèwọ̀ tirẹ̀ pàápàá: ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣí orí níwájú ọmọdé. Ìwà ọmọlúàbí ló sọ ìyẹn di òfin fún wọn, kì í ṣe ìbẹ̀rù.

Ohun tó sì jẹ́ kí n sọ pé òun ló ń ṣe bí ajá jù rèé. Púpọ̀ nínú wọn kì í sọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ti wọ orí. Ẹnu dí, ara ló kù. Tí o bá bá a sọ̀rọ̀, á fi orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ajá tó gbọ́ fèrè tí kò mọ ibi tó ti dún. Inú rẹ̀ dùn, á gbọn ìdí, torí bẹ́líìtì ìbàdí ni wọ́n so ìrù mọ́, bí ìbàdí bá ti lọ ni ìrù á lọ. Ọmọdé á na ọwọ́, ajá náà á gbé ọwọ́ ńlá onírun rẹ̀ lé e. Ìwà ajá la rí yẹn, láìrí ajá. Collie Toco rí bí ajá, ṣùgbọ́n gbogbo agbára ẹni tó wà nínú ẹ̀ ló ń lọ sórí kí àṣírí má tú. Toco sọ pé òun kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́, kí wọ́n má bàa rí òun bí ẹni tí nǹkan ń ṣe. Ajá Pittsburgh ní orúkọ, wọ́n ń fi orúkọ náà pè é, á sì dáhùn. Àwa nílé, òwe tí à ń pa fún aládùúgbò là ń fi sọ ajá lórúkọ. Ti àwọn wọ̀nyẹn, ajá náà ló lorúkọ.

Owó ò gba àlàyé púpọ̀. Yen 2,000,000 ti Toco tó nǹkan bíi dọ́là 15,000 nígbà náà. Odindi aṣọ ajá ẹ̀fẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là ni, oníbàárà á sì tò sórí ìlà tó lè gba ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ló ń tìtorí ẹ̀ kọ́ iṣẹ́ náà fúnra wọn. Àwọn míì kì í ṣe odindi rárá: orí, ọwọ́ méjì àti ìrù nìkan, wọ́n á wọ ṣẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò tiwọn sí i. Ooru rẹ̀ dín, owó rẹ̀ dín, ojú ẹni tó ń wò sì ń fúnra rẹ̀ parí ohun tó kù. Lójú mi, ìyẹn gan-an ló pa ẹnu collie mọ́. Bí orí àti ìrù bá ti lè sọ ènìyàn tó wọ jíǹsì di ajá, kí ni a wá fìyà jẹ orúnkún sí?

Ibi kan ló kù tí collie ti borí, mi ò ní fi dù ú. Iwájú kámẹ́rà ni. Kámẹ́rà máa ń yan ìhà tó fẹ́ wò, ó sì máa ń gé ibi tí ìbàdí ti ń rojọ́ kúrò. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe nǹkan fún fíìmù ló sì ṣe é, wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ ya fídíò ajá tó nà gbalaja sórí rọ́ọ̀gì, kó kó yen rẹ̀ lọ bá Zeppet. Ẹni tó bá fẹ́ wọ àárín èrò kí wọ́n bá a ṣeré, kó wá fóòmù, abẹ àti kílípà ajá, kó sì bẹ ọ̀rẹ́ kan kó bá òun gbé omi.